Ìkòkò Kan Náà fún Ìyá Àgbà àti Ọmọ-ọmọ: Makaróní Oníwàrà Láìsí Sọ́ọ̀sì Funfun

  Ọ̀rọ̀ ìlera ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí oúnjẹ kan tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn, tí àwọn àgbà sì ń bẹ̀rù: makaróní oníṣíìsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fun nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kí ìdílé jókòó jẹun pọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé lásìkò ọdún. Ọmọ tó ń gbé l'Ékòó tàbí ní London wálé. Ó gbé makaróní sílẹ̀, ó gbé ṣíìsì tó rà ní ilé ìtajà ńlá sílẹ̀, ó gbé bọ́tà, fúláwà àti mílíìkì alágolo tì í. Nígbà tí oúnjẹ jinná, wọ́n bù fún àwọn ọmọdé, wọ́n bù fún àlejò, wọ́n wá gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ síwájú ìyá àgbà lọ́tọ̀. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ má bínú, dókítà ní kí ẹ ṣọ́ra." Ìyá àgbà á ní kò burú, àmọ́ ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára abọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí á máa dáná méjì. Bí oúnjẹ kan bá léwu fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò dára fún ọmọ ọdún mẹ́fà náà, nítorí ibi tí ọmọ náà ń lọ ni ìyá ti dé yẹn. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká tún ìkòkò náà ṣe, kí gbogbo ilé lè jẹ nínú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí a lè yọ kúrò, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé ó kúrò, ni sọ́ọ̀sì funfun.

*Kí ló wà nínú sọ́ọ̀sì funfun?*

Ẹni tó bá fẹ́ se é bí ìwé òyìnbó ṣe wí yóò yọ́ bọ́tà nínú ìkòkò, yóò da fúláwà sí i, yóò rò ó pọ̀, yóò wá máa da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ki. Lẹ́yìn náà ni yóò gé ṣíìsì sínú rẹ̀. Fún makaróní páálí kan tó wọn gíráàmù 500, bọ́tà lè tó gíráàmù 60, fúláwà náà lè tó bẹ́ẹ̀, ṣíìsì sì lè tó gíráàmù 300.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú ṣíìsì cheddar, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló jẹ́ ọ̀rá. Nínú gíráàmù 300, ọ̀rá ibẹ̀ ti tó 100, kí á tó ka ti bọ́tà. Iyọ̀ náà wà níbẹ̀. Gíráàmù 100 ṣíìsì yìí máa ń ní iyọ̀ tó lé ní gíráàmù kan àti ààbọ̀, nítorí náà gíráàmù 300 rẹ̀ ní bíi gíráàmù márùn-ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà kan ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi ṣíbí tíì kan tí kò ní òkè. Bí ẹni mẹ́fà bá pín oúnjẹ náà, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan láti inú ṣíìsì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù kan.

Ẹni kan lè sọ pé gíráàmù kan kò tó nǹkan. Òótọ́ ni, bó bá dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa kì í dúró síbẹ̀. A ó fi iyọ̀ sí omi tí a fi se makaróní. Iyọ̀ wà nínú bọ́tà. Lẹ́yìn náà, a ó fọ́ màgí méjì sí i kó lè "dùn dáadáa." Ẹ wo ẹ̀yìn páálí màgí yín: lọ́pọ̀ ìgbà, iyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí òun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí abọ́ kan ṣe ń gba ìdajì iyọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn, láìtíì ka ọbẹ̀ tí a ó fi jẹ iyán lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ bọ́tà náà nìyí. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní bọ́tà kì í ṣe bọ́tà tí wọ́n ń rí nínú mílíìkì màálù. Màjárínì ni, tí wọ́n fi òróró ṣe. Oríṣi ọ̀rá kan wà tó máa ń jáde nígbà tí ilé iṣẹ́ bá sọ òróró di líle, tí a ń pè ní trans fat. Ọ̀rá yìí burú fún ọkàn gan-an. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ké sí gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n mú un kúrò nínú oúnjẹ. Òfin tí NAFDAC ṣe lórí ọ̀rá àti òróró ní 2022 ní kò gbọdọ̀ ju gíráàmù méjì lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá. Òfin dára, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń ra ọjà náà gbọ́dọ̀ là. Ẹ máa ka ara ike kí ẹ tó sanwó. Èyí tó sì dájú jù ni kí á má lò ó níbi tí a kò ti nílò rẹ̀.

*Kí nìdí tí a kò fi nílò rẹ̀?*

Iṣẹ́ wo ni fúláwà ń ṣe nínú sọ́ọ̀sì funfun? Òun ló ń mú kí mílíìkì ki, kí ọ̀rá àti omi má bàa yapa. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú fúláwà ni sítáàṣì. Òun náà ló wà nínú ògì, tó ń mú kó dì nígbà tí omi gbígbóná bá kàn án. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ń ro ẹ̀kọ láti kékeré mọ iṣẹ́ yìí ju ẹni tó kọ ìwé oúnjẹ òyìnbó lọ.

Àlìkámà ni wọ́n fi ṣe makaróní, bí wọ́n ṣe fi ṣe fúláwà. Bí ẹ bá sè é nínú omi tí kò pọ̀ jù, ẹ ó rí i pé omi náà ń funfun, ó sì ń ki. Sítáàṣì ló jáde sínú rẹ̀ yẹn. Àwa ni a máa ń da omi yìí nù, tí a ó tún wá fi owó ra fúláwà láti wá ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dànù. Ẹ má dà á nù mọ́. Ife méjì nínú rẹ̀ tó láti mú ọbẹ̀ makaróní ki, kó sì dán, láìsí bọ́tà, láìsí fúláwà.

*Wàrà ń bẹ nítòsí*

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Ṣíìsì tí à ń san owó ńlá lé lórí ní àbúrò tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá àti ike: wàrà. Ẹ béèrè rẹ̀ l'Ọ́jà Ọba tàbí ní Ṣáṣà. Ìyẹn kan náà ni wọ́n ń pè ní wàgàṣì ní Orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti máa ń fi èèpo ọkà bàbà pa á láró pupa, tí wọ́n sì ń fi í se ọbẹ̀ bí ẹni fi ẹran sè é. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kò wá ọ̀rọ̀ jìnnà nígbà tí wọ́n dé ibi tí Dáfídì ti gbé ṣíìsì lọ fún olórí ogun. Wàràkàṣì ni wọ́n pè é.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gbé mílíìkì màálù kaná, wọ́n á da omi ewé bòmubòmu sí i, mílíìkì á dì, wọ́n á wá dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ro. Wọn kì í sábà fi iyọ̀ sí i. Ó ní ọ̀rá o, n kò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti cheddar lọ, nítorí náà ọ̀rá rẹ̀ kò ki tó bẹ́ẹ̀. Ó ní èròjà tó ń kọ́ ara àti èyí tó ń mú egungun le, tí àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dúró nílò gidigidi.

Ìṣòro kan wà tó ń mú kí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé sọ pé wàrà kò ṣeé fi se makaróní: kì í yọ́. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ yan án, yóò dúró bó ṣe wà. Cheddar máa ń yọ́, ó sì máa ń fà. Wàrà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe fi iná àti ewé dì í. Ojútùú rẹ̀ kò le rárá: ẹ lọ̀ ọ́. Wàrà tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ omi makaróní á di ọbẹ̀ funfun tó jọ̀lọ̀. Ìyẹn ni sọ́ọ̀sì funfun tiwa.

*Bí ẹ ó ṣe sè é*

Èyí tó ẹni mẹ́fà. Ẹ wá makaróní gíráàmù 500, wàrà bíi gíráàmù 400, tàtàṣé ńlá méjì, àlùbọ́sà kan, ata rodo ìdajì fún ẹni tó bá fẹ́, irú ṣíbí tíì kan, mílíìkì ìdajì ife, òróró ṣíbí ìjẹun kan, àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì tí a ti rẹ́ wẹ́wẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ ṣan wàrà, kí ẹ wá sè é nínú omi mìíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ da omi yẹn nù. Ẹ yan tàtàṣé lórí iná títí èèpo rẹ̀ á fi dúdú, kí ẹ bó o, kí ẹ yọ kóró inú rẹ̀.

Ẹ se makaróní nínú omi lítà kan àti ààbọ̀, láìfi iyọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé àgbà tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́ wà nínú ilé, ẹ jẹ́ kó rọ̀ dáadáa. Kí ẹ tó sẹ́ ẹ, ẹ bu ife méjì nínú omi rẹ̀ pamọ́.

Ẹ yọ ẹ̀kúnwọ́ wàrà kan sọ́tọ̀. Ẹ kó ìyókù sínú blẹ́ńdà pẹ̀lú tàtàṣé, mílíìkì àti ife kan nínú omi makaróní, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ fi òróró din àlùbọ́sà àti ata, ẹ da irú tí ẹ ti ṣàn sí i, kí ẹ wá da wàrà tí ẹ lọ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí iná kéré, kí ẹ máa rò ó fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ kó makaróní àti ẹ̀fọ́ sí i, kí ẹ pò ó. Bó bá ki jù, ẹ fi omi makaróní tó kù là á. Ẹ tọ́ ọ wò. Ìgbà yìí nìkan ni kí ẹ ronú iyọ̀, kó má sì ju ìdajì ṣíbí tíì lọ fún gbogbo ìkòkò. Ẹ fọ́ wàrà tí ẹ yọ sọ́tọ̀ sórí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kó dì bí èyí tí wọ́n ń yan nínú ófùnù, kí ó lu ẹyin méjì pọ̀ mọ́ ọn, kí ó dà á sínú abọ́, kí ó fi ooru omi sè é bíi mọ́ínmọ́ín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò nílò ófùnù, kò sì nílò iná NEPA.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi irú sí i ni pé wàrà tutù kò ní òórùn líle tí ṣíìsì òyìnbó ní. Ṣíìsì náà gba òórùn rẹ̀ nítorí pé wọ́n fi í pamọ́ pẹ́ títí adùn rẹ̀ fi yí padà. Irú pẹ̀lú, ibi tí a bò ó mọ́lẹ̀ ló ti rí adùn tirẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á ṣe iṣẹ́ tí màgí ń ṣe, láìkó iyọ̀ jọ. Ẹ ṣàn án, nítorí àwọn kan máa ń fi iyọ̀ pa á mọ́. Tàtàṣé ní tirẹ̀ ń fún oúnjẹ ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí àwọn ọmọ mọ̀ mọ́ makaróní inú páálí. Ọmọdé máa ń fi ojú jẹun kó tó fi ẹnu jẹ.

*"Wàrà kò mọ́"*

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ ọ́. Ẹ̀rù tó bá ìmọ́tótó wà, ẹ̀rù gidi ni. Mílíìkì tí a kò sè lè gbé àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn brucellosis, tí ń fa ibà àti ìrora oríkèé, láti ara màálù wá sára èèyàn. Wàrà ti rí iná nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ọwọ́ ń kàn án, eṣinṣin ń bà á, omi tí wọ́n kó o sí lè má mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Èyí kò ṣeé fojú fò, pàápàá bí aboyún, ọmọ kékeré tàbí arúgbó bá máa jẹ níbẹ̀. Ẹ rà á lówùúrọ̀, ẹ lò ó lọ́jọ́ náà. Bó bá ti ń yọ̀, tàbí tó ń kan, ẹ má wulẹ̀ ṣàánú owó, ẹ dà á nù.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ síbẹ̀ lè ṣe tirẹ̀ nílé. Ẹ gbé mílíìkì lítà méjì kaná títí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́fà sí i, ẹ rò ó díẹ̀, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Mílíìkì á yapa. Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe fúnra yín já ewé bòmubòmu wá o. Oje rẹ̀ lè ba ojú jẹ́, ó sì ní májèlé fún ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó jogún iṣẹ́ náà.

*"Mílíìkì máa ń da inú mi rú"*

Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń sọ èyí, òótọ́ sì ni. Ní ọdún 1971, Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó wá di Mínísítà fún Ètò Ìlera ní 1985, pẹ̀lú Norman Kretchmer láti Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet. Wọ́n wo bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń lo ṣúgà inú mílíìkì. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn Yorùbá tó ti dàgbà ni inú wọn kò lè lò ó mọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran lè lò ó. Kì í ṣe àrùn. Bí ara tiwa ṣe rí ni: a máa ń lè lò ó lọ́mọdé, agbára náà á sì dínkù lẹ́yìn tí a bá já lẹ́nu ọmú.

Ẹ wá wo sọ́ọ̀sì funfun tó ń gba mílíìkì ife mẹ́ta sí mẹ́rin. Ṣé ó yà yín lẹ́nu pé ikùn àgbà ń kùn lẹ́yìn rẹ̀? Nínú wàrà, púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn ti bá omi tó ro jáde lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan tí kò lè mu ife mílíìkì kan fi lè jẹ wàrà láìsí wàhálà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Bí inú bá ṣì ń rú, ẹ yọ mílíìkì kúrò, kí ẹ fi wàrà sóyà rọ́pò wàrà màálù. Bí a ṣe ń lo ọ̀kan náà ni a ń lo èkejì, kò sì ní ṣúgà mílíìkì nínú rárá.

*"Èyí kì í ṣe ojúlówó"*

Àwọn ọmọ wa tó ti rìnrìn àjò ló sábà máa ń sọ eléyìí. Wọ́n ní láìsí sọ́ọ̀sì funfun, kì í ṣe makaróní oníṣíìsì. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ìtàn. Ní ọdún 1824, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Randolph tẹ ìwé oúnjẹ kan jáde ní Amẹ́ríkà, The Virginia House-Wife. Bó ṣe ní kí wọ́n se makaróní ni pé kí wọ́n bọ̀ ọ́ nínú omi àti mílíìkì, kí wọ́n tò ó sínú abọ́ pẹ̀lú ṣíìsì àti bọ́tà, kí wọ́n sì yan án. Kò sí fúláwà níbẹ̀, kò sí sọ́ọ̀sì funfun. Ó ti tó igba ọdún.

Ṣáájú ìyẹn pàápàá, ọ̀kan lára àwọn tó sọ oúnjẹ ilẹ̀ Faransé di ti Amẹ́ríkà ni James Hemings, ẹrú tí Thomas Jefferson mú lọ sí Paris ní 1784 kó lọ kọ́ iṣẹ́ ìdáná, tó sì gba òmìnira ní 1796. Títí di òní, oúnjẹ ọdún ni makaróní oníṣíìsì jẹ́ fún àwọn ọmọ Adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń sè é. Èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí, ọdún 1937 ni Kraft gbé e jáde. Bí àwọn tó wà lókè òkun bá lè fi ọwọ́ ara wọn tún oúnjẹ ṣe, kí ló dé tí àwa tó wà l'Ákùúrẹ́ kò lè fi wàrà, irú àti tàtàṣé ṣe tiwa?

*Ìkìlọ̀ díẹ̀*

N kò sọ pé makaróní oníwàrà jẹ́ oògùn o. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ wọn ọ́n: kí makaróní má ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ nínú abọ́, kí ẹ̀fọ́ àti wàrà pọ̀ sí i. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó sọ wàrà di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ẹni tó ń lo tetracycline tàbí ciprofloxacin, àti aboyún tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n má ṣe lo oògùn wọn pọ̀ mọ́ wàrà tàbí mílíìkì, nítorí kò ní jẹ́ kí oògùn náà wọ ara dáadáa. Kí wọ́n fi wákàtí méjì ó kéré tán sí àárín wọn. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó máa lò ó lọ. Oúnjẹ tó dára ń ran oògùn lọ́wọ́, kì í gba ipò rẹ̀.

*Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún*

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin, ẹ̀yin ni ẹ ń pinnu ohun tí a ń jẹ ní ìkómọ, ní ọjọ́ ìbí ọmọ, ní ìpàdé oṣooṣù àti ní ìdúpẹ́ ìjọ. Bí ẹ bá pinnu pé màgí kò ní wọ ìkòkò ẹgbẹ́ mọ́, gbogbo àdúgbò ló máa jẹ èrè rẹ̀. Mo rọ̀ yín kí ẹ se makaróní oníwàrà yìí lẹ́ẹ̀kan ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí àwọn àgbà àti àwọn ọmọ jẹ nínú ìkòkò kan náà. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ kó gbé ẹ̀rọ wá, kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, kó má dúró dìgbà tí orí bá fọ́ ọ kó tó lọ rí dókítà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan nìyí. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń béèrè pé "iyọ̀ dà?" kí ẹ tó tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹ gbé ike iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ahọ́n á mọ́ra, ẹ ó wá rí i pé oúnjẹ tí ẹ ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ ló níyọ̀ jù.

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó bá ń fi ìgbà gbogbo ba ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ jà, ó yẹ ká tún ìwà rẹ̀ ṣe. Kò yẹ ká lé àgbà nídìí abọ́ nígbà tí ohun tó yẹ ká lé jẹ́ bọ́tà, fúláwà àti màgí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, sí ìjọ yín àti sí àwọn ọmọ yín tó wà lókè òkun. Ẹni tí kò bá lè kà á, ẹ kà á fún un. Ẹni tó bá sè é, kó sọ fún wa bó ṣe rí àti ohun tó fi kún un. Ìlera lọrọ̀. Ire o.